Ìgò Oyin Tó Ti Òkè-Ìṣin Pa

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìṣin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Èmi Láṣebìkan, akéde yín, ni mo dé. Ìgbìmọ̀ ìlú ló rán mi, kì í ṣe Baálẹ̀. Mo tún un wí: kì í ṣe Baálẹ̀!

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí à ń gbin iṣu, oyin wá ṣù sórí òrùlé ọjà. Ó ta èèyàn méjì àti ewúrẹ́ kan. Baálẹ̀ wa, Olóyè Agbájélọlá, kí ẹ̀mí wọn gùn, bá kéde pàjáwìrì. Kónílé-ó-gbélé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kò gbọdọ̀ sí àpéjọ, kò gbọdọ̀ sí ayẹyẹ. Ìgbìmọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ jókòó, torí ariwo wọn lè bí oyin nínú. Baálẹ̀ nìkan ni yóò máa pàṣẹ. Ìwé òfin ìlú gbà wọ́n láyè: ó ní kó rí bẹ́ẹ̀ títí oyin yóò fi kúrò nílùú.

Oyin kúrò. Àwọn ọdẹ fi èéfín lé e, wọ́n sì gbé afárá rẹ̀ lọ sílé Baálẹ̀. Iṣu ta, a wa iṣu, a gún iyán. Pàjáwìrì ò kúrò! A lọ bi Baálẹ̀ léèrè. Wọ́n nàka sí ìgò kan lórí tábìlì wọn. Wọ́n ní oyin rèé, ó ṣì wà nílùú, àbí ojú wa ò ríran ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, èdè Yorùbá ló dá wa lóró. Kòkòrò là ń wí, adùn ni Baálẹ̀ dì mú.

Ta ni ìyà náà wá jẹ jù? Mọrẹ́nikẹ́ ni, ọmọ Àlàmú tó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ ìdána rẹ̀ ni pàjáwìrì ń wọ́gi lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gbogbo wa la gbélé, àmọ́ ikùn Mọrẹ́nikẹ́ ò gbélé. Ó ti jáde síta, gbogbo àdúgbò sì ti kí i. Bí ìdána yìí bá tún yẹ̀, ìkómọ ni yóò ṣáájú rẹ̀, ọmọ yóò sì bá wa jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń sunkún. Ó dùn mí, mi ò lè purọ́.

Ìyẹn ni ìgbìmọ̀ fi jókòó lánàá, ní gbangba, pẹ̀lú ariwo. Kò sí oyin tó bínú. Òfin tí wọ́n ṣe nìyí.

Èkínní! Baálẹ̀ ṣì lè kéde pàjáwìrì. Bí ilé bá ń jó, a kì í pèpàdé ká tó bu omi. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá ti ná lẹ́ẹ̀mejì, pàjáwìrì kú nìyẹn. Ìgbìmọ̀ nìkan ló lè jí i dìde. Baálẹ̀ tó bá dá òkú náà jí ni yóò máa bọ́ ọ.

Èkejì! Ìgbà pàjáwìrì gan-an ni ìgbìmọ̀ yóò máa jókòó. Baálẹ̀ tó bá tì wọ́n síta, yóò gba alága ìgbìmọ̀ lálejò, yóò sì máa gbọ́ ìtàn ìgbà èwe wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ alága, ẹ mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn. Ìyà ńlá!

Ẹ̀kẹta! Kí Baálẹ̀ dárúkọ ewu tán kí wọ́n tó ti ìlú. Oyin tó ń fò ni, àbí oyin tí à ń lá? Agbọ́n ni, àbí agbọ̀n? Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ olójú méjì jẹ gàba lé wa lórí, agbọ̀n ni yóò fi pọnmi fún gbogbo ìlú.

Ẹ̀kẹrin! Ẹ̀yin ayálégbé tẹ́ ẹ̀ ń rìn kiri, tẹ́ ẹ ní ẹ ò nílé, pé onílé nìkan ni kónílé-ó-gbélé ń bá wí, ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ má dán an wò mọ́.

Ẹ̀karùn-ún! Oyin yóò kúrò nílùú. Ní Sátidé, lójúde Àlàmú, a ó ṣí ìgò náà. A ó fi ṣàdúrà fún Mọrẹ́nikẹ́ àti ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí à ti ń ṣe níbi ìdána. Ìlú yóò lá ìyókù. Bí ìgò bá gbẹ, pàjáwìrì tán.

Baálẹ̀ ti gbà. Wọ́n kàn bẹ̀bẹ̀ pé ká fi ṣíbí kan péré sílẹ̀ fún àwọn, torí ikọ́. Ìgbìmọ̀ rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní rárá. Ikọ́ á san. Ṣíbí oyin kan péré tó láti tún ti ìlú pa.

Ẹni tó gbọ́, kó ta ará ilé rẹ̀ lólobó. Ẹni tí kò gbọ́, etí rẹ̀ ni kó bá wí, kó má bá agogo mi wí. Láṣebìkan ti jíṣẹ́, ó ń lọ. Ẹ tètè dé ní Sátidé o. Kò sí ṣíbí. Kí oníkálukú mú ìka rẹ̀ wá.