Ọjọ́ tí Mo Ṣe Sàmúráì Níwájú Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró pátákò ẹṣin lójú títì, mo ti máa ń bọ́ sí òdì kejì kí n tó mọ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Ìjagun nígbà náà, ní bí ọdún 1985. Mo yá ìwé kan nípa àwọn sàmúráì, jagunjagun ilẹ̀ Japáànì, àti àwọn náìtì ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tí ń wọ ẹ̀wù irin gun ẹṣin. Àwọn méjèèjì ló ń búra fún olúwa wọn, tí wọ́n sì fi iyì ṣáájú ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá borí náìtì, ó lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ wá fi owó gbà á padà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sàmúráì kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ikú yá fún un ju kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lọ. Ẹnu yà mí. Kí n tó ka ìwé náà tán, èmi tí mò ń sá fún aáyán ti pinnu pé sàmúráì ni mí.

Àsìkò náà ni Rísíkátù, tí mo fẹ́ fẹ́, ní kí n wá kí bàbá òun, Alhaji, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, torí bí Alhaji bá kọ̀ mí, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn. Ìdílé tó ń gẹṣin lọ síbi ọdún Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Alhaji, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹṣin funfun kan. Mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, mo gbé ọwọ́ lé itan, mo sì tẹ̀ láti ìbàdí bíi sàmúráì.

Alhaji wò mí títí. “Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?”

Ó yẹ kí n dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé sàmúráì fún wọn, mo bọ́ sórí náìtì, mo ní ojo làwọn yẹn. Rísíkátù ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, n kò kà á sí. Alhaji wá bi mí bóyá àwọn sàmúráì yìí máa ń gẹṣin. Mo ní dáadáa ni.

“Ó dáa. Gun èyí.”

Náìtì ì bá ti bẹ̀bẹ̀. Sàmúráì kò lè kọ̀.

Wọ́n gbé mi gùn ún, wọ́n di okùn mú, à ń rìn jẹ́jẹ́. Àfi bí mo ṣe rí i pé Rísíkátù ń wò mí, ni mo bá fi gìgísẹ̀ gbá ẹṣin níkùn. Ó já okùn gbà, ó gba ẹnu géètì jáde. A já okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ìró obìnrin kan sì wé mọ́ mi lọ́rùn. Àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣe bí eré ni. Mo di gọ̀gọ̀ ẹṣin mú, mò ń ké pé mo ti jọ̀wọ́ ara mi, kí ẹnikẹ́ni wá gbà mí. A ò tíì kọjá ilé mẹ́rin tí mo fi kúrò ní Japáànì, tí mo di ará Yúróòpù.

Lọ́rìí kan fọn fèrè níwájú, ẹṣin yí padà, ó sáré bọ̀ nílé. Alhaji ló dúró láàárín títì, láìwọ bàtà, láìmú ọ̀pá. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n sì bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹṣin dúró gbọin-in. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, n kò bá ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ẹṣin dúró, èmi ò dúró. Mo gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì balẹ̀ gbọọrọ, àyà àti iwájú orí, níwájú ẹsẹ̀ Alhaji.

Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀. “Má bínú, èmi ni mo gbé e gùn ọ́.” Wọ́n wá bojú wolẹ̀. “Ò bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí nígbà tó o dé.”

N kò dìde. Níbẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má torí èyí gba Rísíkátù lọ́wọ́ mi.

“Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe rẹ,” ni Alhaji wí. “Ẹni tó lè ké báyẹn kò ní fi agídí pa ọmọ mi. Dìde, kó o dá ìró oníró padà.”

Mo kọ́gbọ́n: kí ènìyàn mọ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé tó ń lọ, kó tó mọ ti Japáànì. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bí àwọn àna mi bá ń gẹṣin kọjá, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti máa ń wò wọ́n. Rísíkátù a sì nahùn sókè láti ìsàlẹ̀, a ní ṣé ẹ̀yìn tún ń dùn mí ni. Èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kì í sọ̀ kalẹ̀.