Osùn Orí Iṣu Àwẹ̀ró

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí a kò bá tètè mú olè, olè á mú olóko? Ẹ súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ iṣu ni.

Ní abúlé Òkè-Ìrókò, àgbẹ̀ obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣu rẹ̀ funfun, ó sì máa ń fà tí a bá gún un. Kí àwọn oníbàárà lè dá a mọ̀, ó ń fi osùn kun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣu olórí pupa ni àwọn ará ọ̀nà jíjìn ń béèrè.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní àmì yóò lọ yà á sára ògiri Baálẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Àwẹ̀ró ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ pé òun á lọ. Lónìí, á ní aṣọ ń bẹ nínú omi. Lọ́la, á ní òjò ṣú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí iṣu olórí pupa nínú agbọ̀n Fádèyí, aládùúgbò rẹ̀, ó dúró wò ó. Ó ní bóyá osùn ló kàn wu ọkùnrin náà. Kò pẹ́, oníbàárà kan gbé iṣu olórí pupa kan tó lómi, tí kì í ṣe tirẹ̀, wá bá a.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ti ń bàjẹ́."

Àwẹ̀ró mọ ibi tí iṣu náà ti wá. Síbẹ̀ ojú ń tì í láti pe ọmọ ẹlòmíràn lólè. Ó ń gbàdúrà kí Fádèyí fúnra rẹ̀ ronú.

Fádèyí ronú lóòótọ́. Ó lọ ya iṣu olórí pupa sára ògiri Baálẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, àwọn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ mú Àwẹ̀ró nínú oko ara rẹ̀, osùn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Fádèyí ní tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a kun tirẹ̀. Àánú Àwẹ̀ró tún ń ṣe Fádèyí, ó ní:

"Ìyá wa, àgbà ni yín. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, olè jíjà ò yẹ yín."

Àwẹ̀ró búra pé òun ló bẹ̀rẹ̀ àmì náà. Baálẹ̀ ní kò burú, kó fi tirẹ̀ hàn lára ògiri. Ti Fádèyí nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìdájọ́ ni pé kó fọ orí gbogbo iṣu rẹ̀ lódò. Fádèyí gbé àpótí jókòó tì í, ó ń nàka.

"Ẹ tún ibẹ̀ yẹn fọ̀, ìyá. Ó ṣì pọ́n díẹ̀."

Àwọn àgbà tó ń kọjá dúró wo olóko tí olè ń ṣọ́. Wọ́n mirí, wọ́n ní bí a kò bá tètè mú olè, olè á mú olóko.

Àwẹ̀ró so okùn ìko mọ́ ọrùn iṣu rẹ̀ láti fi ṣe àmì tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ jí, ó pè é láti bi í bóyá yóò lọ lónìí. Kò bá a nílé. Àwẹ̀ró ti wà níwájú ògiri Baálẹ̀, ó ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.