Dùùrù Tó Wọ Ṣòkòtò Ọkọ

Ẹ bá mi kí Ìyáàfin Lavinia Tuffnell, aládùúgbò wa ní Camberwell, Adáṣọfáàga, a-bo-tábìlì-bí-ìyàwó! Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn Ẹwà Ilé ti dé àdúgbò wa ni orí obìnrin yìí ti dàrú. Bí ìwé náà bá ní ká fi ìyẹ́ ọ̀kín kan ṣe ibi ìdáná lọ́ṣọ̀ọ́, ti Lavinia á di ilé adìẹ. Korobá èédú gan-an wọ yẹ̀rì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí wọ́n ya pálọ̀ rẹ̀ sínú ìwé náà. Ó kọ lẹ́tà títí ó fi sú wọn, wọ́n ní Omidan Pybus tó ń ya àwòrán ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Lavinia ń gbàlejò. Ó pe gbogbo wa. Ó tún bẹ̀ wá pé ká ra ìwé oṣù tó ń bọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló tó rí i pé ẹsẹ̀ dùùrù wà níhòhò. Ẹwà Ilé sì ti kọ ọ́ pé àìnítìjú nìyẹn. Aṣọ ti tán nílé. Ló bá gé ṣòkòtò kan ṣoṣo tí Obadiah, ọkọ rẹ̀, ní, èyí tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi wọ dùùrù.

"Lavinia, kí ni kí èmi wá wọ̀?"

"Ta ló fẹ́ wò ẹ́? Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ yà ni?"

Ibẹ̀ la ti kanlẹ̀kùn. Kò síbi tí Obadiah lè gbà jáde tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Lavinia tì í jókòó sí igun pálọ̀, ó ká ọ̀kan nínú àwọn aṣọ olódòdó orí tábìlì, ó dà á bò ó, ó gbé ìkòkò ìyẹ́ ọ̀kín lé e lórí.

"O ò gbọdọ̀ mí o!"

"Kí n má mí kẹ̀?"

"Mí díẹ̀díẹ̀!"

Omidan Pybus wọlé, ó wò yíká. Ìgbà tó dé igun ló tó dúró.

"Ìyáàfin, èyí mà dáa o! Níbo lẹ ti rí i?"

"Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mà. Kò wúlò fún nǹkan kan, mo kàn gbé e síbẹ̀ ni."

Hàṣín! Obadiah sín. Ìkòkò fọ́ yángá. Obadiah dìde pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìyẹ́ kan nàró lórí rẹ̀.

"Lavinia, èmi ni mi ò wúlò?"

Àwa obìnrin fọwọ́ bojú, a sì ń yọjú láàárín ìka. Omidan Pybus wo Obadiah, ó wo bọ́tìnì lẹ́sẹ̀ dùùrù.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti rí ṣòkòtò yín."

"Mà, ẹ dákun, ẹ má yà á!" Lavinia ti fẹ́ máa sunkún. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ti ń sáré.

Oṣù yípo, ìwé jáde. Gbogbo wa rà á, ṣebí ó ti bẹ̀ wá. Obadiah ló gba odindi ojú ewé, tòun tìyẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Nínú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ Ìyáàfin Tuffnell, èyí nìkan ni kò láṣọ."