Dókítà Mọ́tò àti Àrùn Méjìlá

Bí ẹ bá kí ọkùnrin yìí pé "Ẹ káàárọ̀, sà," kò ní dá yín lóhùn. Ẹ kí i pé "Ẹ káàárọ̀, Dókítà," á dúró, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á sì béèrè àlàáfíà mọ́tò yín kó tó béèrè tàwọn ọmọ.

Kò ka ìwé ìṣègùn rí láyé. Ilé ìkẹ́rùsí ló ń ṣọ́ níbi iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, òun ló ń fún àwọn èèyàn ní bébà àti ìgbálẹ̀. Ọjọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ló rí ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ nípa mọ́tò, tí eku ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù ló sọ ọ́ di dókítà. Èyí tí eku jẹ, bóyá ó ti sọ eku di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹyọ ọgbọ́n kan ló rí kọ́ níbẹ̀. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tó pọ̀ ládùúgbò wa ní àwọn ihò kéékèèké kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí èèyàn bá fi wáyà so méjì nínú wọn pọ̀, tó wá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnì dìde, iná kékeré kan níwájú awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bó bá ṣe ṣẹ́jú tó lèèyàn fi ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò.

Dókítà wa á wá dojú bolẹ̀ sínú mọ́tò, ẹsẹ̀ níta, ìdí lókè. Iná á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Bí èèyàn bá kọ 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2, 12 nìyẹn.

"Oókan, eéjì! Méjìlá!" Á fa wáyà yọ kíá, á nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Àrùn méjìlá ni. Méjìlá ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá ní in kì í là."

Méjìlá ló rí nínú mọ́tò olùkọ́. Méjìlá ló rí nínú ti káfíńtà. Nínú tèmi náà, méjìlá ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń ṣàánú mọ́tò tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ bá mi kì í o: Fi-wáyà-gbọ́-tirin, A-wo-ẹ́ńjìnì-má-ṣí-bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ ìyàwó tí kò gbà á gbọ́!

Mọ́tò tirẹ̀ wá ńkọ́? Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá rọra tì í, ilẹ̀kùn á sunkún irin sílẹ̀.

Mọ́tò kan wà ládùúgbò tó jẹ́ ọmọ ìyá tirẹ̀, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà. Ìyá Aránṣọ ló ni ín. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ó sì ń tọ́jú ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹní ń tọ́jú eyín ọmọge. Òun ló fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò náà dìde, ó gbọ̀n pìpìpì, ó kú. Ó tún dìde, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ aṣọ ilé-ìwé ogójì ọmọ wà nílẹ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n ń retí wọn.

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Dókítà, ó ti dé. "Àgbà kì í wà ládùúgbò kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù máa ṣẹ́jú lásán," ló wí. Ó dojú bolẹ̀, ó dìde.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ mọ́kàn le. Méjìlá ni."

"Yéè! Ṣé kò sí àtúnṣe ni, Dókítà?"

"Èwo ni àtúnṣe òkú? Irin lásán ló kù, kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n nítorí àánú, màá bá yín gbé e kúrò níwájú ilé. Mi ò sì ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní kò burú.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣolè máa ń sá fójú èèyàn. Dókítà tiwa fẹ́ kí wọ́n rí i, kí wọ́n sì yìn ín. Nígbà tó di Sátidé, ó pe gbogbo àdúgbò, ó to àga sẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé Ìyá Aránṣọ, ó gbé mọ́tò tirẹ̀ wá síbẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ìfẹ́ ọmọnìkejì. Mẹkáníìkì tó háyà láti tú mọ́tò Ìyá Aránṣọ, kó sì wọ́ ọ lọ, dé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú," ni Dókítà wí. "Ẹ rọra o! Ẹ má ha wọ́n lára! Ẹ fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Aránṣọ wo ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn Dókítà.

"Dókítà, ṣé òkú là ń wé láṣọ báyìí kó má bàa fara ha?"

"Ẹ... ọ̀wọ̀ ni mò ń bu fún un."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ ki wáyà yẹn bọ mọ́tò tiyín náà. Mo fẹ́ mọ bí mọ́tò tára rẹ̀ le ṣe ń ṣẹ́jú."

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn lójú èrò? Ó dojú bolẹ̀. Iná ṣẹ́jú.

"Oókan!" la ké. Iná sinmi. "Eéjì!"

"Méjìlá!" ni káfíńtà pariwo. "Dókítà, ẹ kú ọ̀fọ̀ o!"

Mẹkáníìkì ò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo mọ́tò irú èyí, méjìlá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń kí yín ni, ó ń sọ pé òun ti jí. Lẹ́yìn ìkíni ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ni ẹ kì í dúró gbọ́."

"Háà!" ni olùkọ́ wí. "Mọ́tò kí i pé ẹ káàárọ̀, ó ní ó ti kú!"

"Wáyà yìí ni ò dáa!" ni Dókítà wí. Ó fa wáyà yọ, ó kì í bọ ihò mìíràn. A gbọ́ "táì", èéfín díẹ̀ rú, iná kú pátápátá.

Mẹkáníìkì wọ mọ́tò Ìyá Aránṣọ, ó ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì ní sùúrù. Méjìlá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sinmi, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, rọ́bà afẹ́fẹ́ ni," ni mẹkáníìkì wí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ó fa rọ́bà tín-ínrín kan tó ti yọ kúrò láyè rẹ̀ jáde hàn wá. Ó fi àtàǹpàkò tì í padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò dìde, kò gbọ̀n, kò kú. Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò náà, kó tó sáré lọ kó aṣọ ogójì ọmọ síbi ìjókòó ẹ̀yìn.

Dókítà yí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kó lè sá lọ. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mọ́tò lẹ́nu. Àwa náà la tì í délé. Òun ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, a ń tì, a ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ra.

"Bàbá wọn, kí ló ń ṣe mọ́tò?"

Ó wo gbogbo wa tí a ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Ìyàwó ní kó tún un sọ, pé òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.