Ẹ̀mú Tó Yà Sídìí Iṣu Sísun

Ta ló lè sọ fún mi nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Àwọn wẹ́dà ìgboro tí kò fọwọ́ kan ẹwìrì rí pàápàá ń pa á. Mo rí ọwọ́ yín. Ẹ ó ní ọkọ́ ló fẹ́ fà yọ, àbí àdá. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló wà ní ìlú Ìdí-Ọsẹ̀ láyé ọjọ́un. Ògúngbuyì lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í yọ lẹ́nu rẹ̀ tó mẹ́ta láàárọ̀. Àdìgún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ ìyókù. Àdìgún ò rọ abẹ́rẹ́ rí, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń jókòó sórí kùkùté kan lẹ́nu ọ̀nà agbẹ̀dẹ, tí á máa kọ́ alágbẹ̀dẹ níṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

"Yí i sọ́tùn-ún. Ó tó! Dá a padà síná. Háà, o ti lù ú jù!"

Ẹni tó bá gba kùkùté yẹn lọ́wọ́ Àdìgún, ó kúkú gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ wá fi òfin kan sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀. Irinṣẹ́ kì í jáde ní agbẹ̀dẹ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá mú un jáde, ìdí ẹwìrì ni yóò jókòó sí, tí yóò máa fínná títí ọdún Ògún mìíràn yóò fi dé. Ẹni tó bá sì wà nídìí ẹwìrì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu tó ń rojọ́ a máa gbàgbé iná. Ṣé ó yé yín? Ó dáa.

Àdìgún fẹ́ràn iṣu sísun, ṣùgbọ́n iná kì í fi ìka rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà gbogbo ni ìléròrò ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ògúngbuyì lọ wẹ̀ lódò, Àdìgún wo ẹ̀mú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń mú irin gbígbóná nínú iná. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó fi ẹ̀mú sábẹ́ aṣọ. Ó ní òun ò ní pẹ́.

Ẹ̀mú yí iṣu bí ẹní ń yí ọmọ tuntun lórí ẹní. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ bu iṣu sẹ́nu, ó ní, "Baálé mi, irú èyí ò jáde rí nílé yìí!"

Oríyìn yìí pa Àdìgún bí ọtí. Ó sun ìkejì, ó sun ìkẹta. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ igbe láti agbẹ̀dẹ: "Ẹ̀mú mi dà?" Jẹ̀bẹ̀tẹ̀ gbọ́mọ lé e lọ́wọ́. Ó ki ẹ̀mú bọ abẹ́ ibùsùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ọkọ́ gbogbo ìlú sì wà nílẹ̀ láìrọ. Baálẹ̀ ní kí Ògúngbuyì rọ ẹ̀mú mìíràn.

"Kí ni n ó fi mú irin rẹ̀, Baálẹ̀?" ni Ògúngbuyì fèsì. "Ẹ̀mú la fi ń rọ ẹ̀mú."

Baálẹ̀ fajúro. Ó ní bí ọjọ́ ọjà bá pé tí ọkọ́ ò jáde, òun á kó iṣẹ́ ìlú lọ fún alágbẹ̀dẹ Òkè-Àpáta, kí agbẹ̀dẹ tibí ti ilẹ̀kùn.

Àdìgún ro ó síwá-sẹ́yìn. Bí agbẹ̀dẹ bá tì, níbo ni yóò jókòó sí? Bí ó bá sì jẹ́wọ́, odindi ọdún kan láìsọ̀rọ̀! Ó fẹ́ dọ́gbọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n èrò ò kúrò ní agbẹ̀dẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ògúngbuyì fi igi tútù méjì yọ irin kékeré kan nínú iná, ó gbé e sórí òkúta. Igi gbaná, ó jù ú nù. Kò sí ohun tí yóò fi yí irin mọ́. Ó gbé owú, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú lójú kan.

Gban! Gban! Gban!

"Ọ̀rẹ́ mi, yí i," ni Àdìgún wí.

Gban!

"Ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ewé o!"

Gban! Irin dá ihò.

Àwọn àgbẹ̀ pé jọ. Ọ̀kan ní, "Ṣé kò yẹ ká ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ìyá ẹ̀?" Baálẹ̀ náà dé. Àdìgún jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, pàbó ló já sí. Ó fi fìlà há ẹnu, ó ń jẹ ẹ́. Ògúngbuyì ò tilẹ̀ wo irin mọ́. Àdìgún ló ń wò.

"Ó dà bíi pé bí wọ́n ṣe ń rọ ọkọ́ nìyí," ni Ògúngbuyì rọra sọ.

Fìlà bọ́ lẹ́nu Àdìgún. "Irọ́ ni! Wọ́n ń yí i ni! Bí mo ṣe yí iṣu yẹn gan-an, ọ̀tún, òsì, ibì kankan ò jóná! Dúró níbẹ̀, má fọwọ́ bà á mọ́!"

Ó sáré lọ sílé, ó sáré bọ̀. Ó fi ẹ̀mú dá irin padà síná, ó yọ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀mú ni gbogbo wọn ń wò. Èèpo iṣu jíjóná ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi," ni Ògúngbuyì wí.

Ẹnu ya Baálẹ̀. "O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọdún méje ni mo ti ń rí ìléròrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀mú ti sọnù, ọwọ́ rẹ̀ ń dán."

"Kí ló dé tí o ò fi bi í?"

"Bí mo bá bi í, Baálẹ̀, á rojọ́ títí tí èmi ni n ó fi máa bẹ̀ ẹ́."

Ọkọ́ jáde kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àdìgún jókòó sídìí ẹwìrì. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan yà síbẹ̀, ó rí irin tó dá ihò tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, ó ní, "Irú ìlùkulù wo rèé? Kí ni ẹni yìí ń wá lójú kan ṣoṣo?"

Gbogbo wọn kọjú sí Àdìgún. Ó yanu, ó rántí, ó pa á dé, ó sì fín ẹwìrì débi tí ẹta iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó irùngbọ̀n àlejò.

Baálẹ̀ ló bá a dáhùn: "Ìwọ ọkùnrin yìí, alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀."