Òfin Kíka Ọmọ Átọ̀mù ní Òkè-Arò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Arò, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń jà, kó dá ẹ̀ṣẹ́ dúró lókè! Èmi Oyèékànmí akéde ni, ọba ló rán mi.

Ẹ ṣáà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé wa. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ka ohun tó wà nínú átọ̀mù, ẹyọ kékeré tí ojú kò lè rí, tí a fi ṣe ohun gbogbo. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kọ̀! Wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni, a kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tíṣà Ọláìtán fún gbogbo wọn ní òdo. Òdo mẹ́sàn-án! Àṣàbí ọmọ mi wà níbẹ̀, ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ìdánwò náà ṣe. Bó bá tún gba òdo, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Ìkíní: Èèwọ̀ náà dúró fún ènìyàn. Ti átọ̀mù, ọba ti mú un kúrò. Ẹ kà á! Mo ní ẹ kà á!

Ìkejì: Prótónì ni baálé. Kì í jáde! Iye wọn ló ń sọ orúkọ ilé. Mọ́kànlá ni ti sódíọ̀mù, átọ̀mù kan tó wà nínú iyọ̀. Olóyè Ọ̀tún yọ ọ̀kan kúrò nínú kíkà lánàá, níṣojú ọba, ilé sódíọ̀mù bá di ilé néónì! Ọ̀tún ń roko ní pápá ilé ìwé báyìí. Ẹ kí i kú iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń kọjá.

Ìkẹta: Nẹ́útrónì ń bá baálé gbé yàrá kan náà, kì í dá sọ́rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ mú nọ́ńbà ìwọ̀n, àpapọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ yọ iye prótónì, èyí tó kù ni tirẹ̀. Ti sódíọ̀mù jẹ́ mẹ́tàlélógún, yọ mọ́kànlá, ó ku méjìlá. Ẹni tó bá gbàgbé wọn nítorí pé wọn kì í pariwo, yóò pọn omi kún ìkòkò Olorì fún oṣù mẹ́ta!

Ìkẹrin, ibi tó le gan-an nìyí. Ẹ̀lẹ́ktrónì ni ọmọ àgbàlá. Òun ló ń jáde, òun ló ń wọlé. Nígbà tí ilé bá pé, iye wọn àti ti baálé dọ́gba. Ṣé ẹ rí àmì ìròpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ọmọ ti jáde ni! Mo ní ọmọ ti jáde! Àmì ìròpọ̀ ni baálé kọ̀ọ̀kan ń rù, àmì ìyọkúrò ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rù. Bó bá ru tirẹ̀ lọ, ìròpọ̀ ló máa ṣẹ́ kù nílé. Sódíọ̀mù tó ní ìròpọ̀ kan, ẹ̀lẹ́ktrónì mẹ́wàá ló kù. Klórínì, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iyọ̀, tó ní ìyọkúrò kan, àlejò ló gbà, mẹ́tàdínlógún di méjìdínlógún. Àgbàlagbà tó bá rí ìròpọ̀ tó wá fi ọmọ kún un, yóò jókòó ti àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti fìlà rẹ̀!

Iṣẹ́ ọba nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó kù, tèmi ni.

Àṣàbí kà á fún mi láàárọ̀ yìí, kò ṣì í rárá. Bó bá yege, á lọ. Inú mi á dùn, ilé á sì ṣófo sí mi lójú. Fúnra mi ni màá fi ẹfun kọ àmì ìròpọ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

Kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tó wà lóko! Ọba ló ni àṣẹ, ohùn lásán ni tèmi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí àmì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé mélòó ló kù nílé o. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.