Èso Àjàrà Inú Ihò Kẹta

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa ní Corriga lánàá. Ìyàwó ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, kéèkì ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Ilé páànù tí Ẹgbẹ́ Onílà-Kan ti ń tú mọ́tò palẹ̀ la ń pè ní ààfin. Ẹgbẹ́ ọ̀hún gbà pé ẹ́ńjìnì tí sìlíńdà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sórí ìlà kan ṣoṣo nìkan ni ẹ́ńjìnì, ìyókù ariwo lásán ni. Clarrie Toomey ni olóyè. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n tú kúrò nínú mọ́tò àfọ́kù, ó di irin gbọọrọ kan mú bí ọ̀pá àṣẹ. Trish, akọ̀wé, ń kọ ọ́ sílẹ̀. Glenys, ìyàwó olóyè, ń po tíì lẹ́yìn gbogbo wa.

Noreen Pascoe dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni kéèkì eléso rẹ̀ ti ń gba ipò kejì ní ìpàtẹ Corriga, ọdún mọ́kànlá náà ni Glenys sì ti ń gba ipò kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, láti oṣù keje ló ti rẹ èso sínú ọtí. Sátidé ni ìpàtẹ, lánàá sì jẹ́ Tọ́sìdeè.

"Noreen, kí ni Des ṣe fún ọ?" ni olóyè bi í.

"Ó gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà sínú ààrò mi."

"Tọ́ọ̀pù sìlíńdà báwo?"

"Ti mọ́tò rẹ̀! Odidi irin tó ń dé orí ẹ́ńjìnì, gígùn rẹ̀ tó apá mi! Kéèkì mi sì wà nínú ààrò!"

"Ṣé kéèkì ọ̀hún ti jinná?"

"Ó ku wákàtí méjì gbáko! Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni mo fi ń yan án, lórí iná jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo kàn sáré lọ ra bébà tí n ó fi wé e ni. Kí n tó dé, ọkùnrin yìí ti gbé iná láti ogóje lọ sí igba! Ẹ wo kéèkì mi, Olóyè. Ẹ wò ó dáadáa!"

Ó ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Kéèkì ti rì láàárín, ó rí pẹlẹbẹ, igun rẹ̀ kan ò sì sí mọ́.

"Des, kí lo rí sọ?"

Des fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Olóyè, èmi gan-an ló yẹ kí n pe kéèkì yẹn lẹ́jọ́."

"O máa pe ta ni?"

"Kéèkì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ àwọn ihò tọ́ọ̀pù yẹn. Mo fẹ̀ wọ́n, mo fi bébà oníyanrìn ha inú wọn títí wọ́n fi ń dán bíi díńgí. Ẹ wo ohun tí mo bá nínú ihò kẹta nígbà tí mo gbé e jáde." Ó ṣí páálí ìṣáná kan. "Èso àjàrà! Ó wú, ó rin gbingbin fún ọtí, ó sì lẹ̀ mọ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde!"

"Èso àjàrà mi nìyẹn!" Noreen ké. "Olè!"

"Kí ló gbé tọ́ọ̀pù dé inú ààrò ná?" Trish béèrè.

"Tọ́bò ni," Des dáhùn. " Fáànù kékeré tí èéfín ń yí, tó máa ń fi tipátipá ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnì. Ooru rẹ̀ pọ̀, ìjókòó àtijọ́ tí fáàfù máa ń bà lé ò lè gbà á, mo ní láti ki òrùka irin líle sí i. Bí tọ́ọ̀pù bá gbóná, ihò á fẹ̀. Bí òrùka bá tutù, á súnkì. Á wọlé wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n bá sì ti padà sí bí wọ́n ṣe wà, ìgbéyàwó títí ayé nìyẹn."

"Níbo lo ti mú òrùka tutù?"

"Nínú fíríìsà."

"Lórí ẹja mi!" ni Noreen wí.

"Sátidé náà la máa bá àwọn ará Nullan fi mọ́tò sáré ìje ní pápá bàálù àtijọ́, Olóyè. Ẹ sọ fún mi, kí ni ǹ bá ṣe?"

Wọ́n pe Mavis, ìyá Des, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

"Tọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ wọnú ààrò," ni ìyá wí. "Kéèkì ló lọ bá a níbẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe."

"Níbo lẹ wà, ìyá?" olóyè bi í.

"Mo ń sùn lórí àga mi."

"Ẹ ń sùn, ẹ sì rí i?"

"Ojú kan ni mo fi ń sùn. Des ọmọ mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ààrò. Stav ló ṣí i."

Stav Kaloudis, ọ̀rẹ́ Des tó ń jó irin, fò dìde. "Èmi kẹ̀? Mi ò dé ilé ìdáná o! Ẹnu géètì ni mo dúró sí."

"Ta ló wá bá Des gbé e?"

"Ó dá a gbé. Èmi kàn di ilẹ̀kùn mú fún un ni."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti... ti géètì."

"Géètì gbígbóná," Trish sọ, ó sì ń kọ ọ́ lọ. "Igun kéèkì ńkọ́? Ta ló jẹ ẹ́?"

"Eku," Des dáhùn kíákíá.

"Eku ni," Stav gbè é. "Irú eku bẹ́ẹ̀ á ti yó bìnàkò, torí rọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀ ò kéré."

"Stav, ta ló sọ fún ẹ pé rọ́ọ̀mù ni? Ọtí ni gbogbo wa ń pè é látàárọ̀," ni Trish wí.

Stav họ orí títí. "Ó dáa. Igun kan péré ni. Noreen, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Òótọ́ ni pé ó ti rì, àmọ́ mi ò jẹ kéèkì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó dùn ju ti..." Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Glenys, ó gbé ìyókù mì.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Noreen lára. Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò sọ irú rẹ̀ fún un rí. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú yẹn ló sì tún wá dá kún ìbínú rẹ̀, torí kéèkì tó dùn ju gbogbo èyí tó ti ń yan lọ ló rì sórí tábìlì yìí. Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ aṣọ nù ún.

"Èmi náà jẹ díẹ̀," Des sọ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ náà?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òórùn ọ́ìlì wà nínú ẹ̀ ni."

"Ṣé ó wà?"

"Kò dá mi lójú, ni mo fi bu òmíràn."

Olóyè fi irin ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Des Pascoe, o jẹ̀bi! Lọ́la, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, Noreen á yan kéèkì mìíràn. Ìwọ á jókòó sórí àga onígi níwájú ààrò fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Kò sí irinṣẹ́, kò sí rédíò. O ò gbọdọ̀ sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ mọ́tò. Tọ́ọ̀pù rẹ á wà lórí tábìlì lójú rẹ, Noreen á fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ wé e. Ọjọ́ tí kéèkì bá tutù tán lo máa gbé e."

"Olóyè! Kéèkì yẹn ò lè tutù tán kó tó di Sátidé! Ìgbà wo ni mo máa wá dè é? Nullan máa nà wá!"

Ìbínú gbé olóyè dìde. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Nullan ti ń fi ẹ́ńjìnì oní-sìlíńdà mẹ́jọ nà wá, egbò yẹn ò tíì jinná lára rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ láti gbé e sí àárín ààrò? Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí! Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré! O máa kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, o máa dúró di Wẹ́sidé tí wọ́n bá lọ síbi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń yí lórí koríko, o máa ṣí fèrèsé, ó tán! Mẹ́tàdínlógún ni mo ti yan, ẹnikẹ́ni ò..."

Gbogbo Corriga ló mọ ẹni tó máa ń lọ síbi bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wẹ́sidé.

Glenys gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"Clarrie," ó wí, "nínú ààrò ta ni?"

Olóyè gbójú sókè, ó ń wo páànù.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" Trish béèrè.

"Kọ ọ́," Glenys dáhùn. "Ọdún mọ́kànlá làwọn adájọ́ ti ń sọ pé kéèkì mi ní adùn kan lábẹ́nú tí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àṣé irin ni!" Ó yíjú sí Noreen. "Wá lo ààrò mi lọ́la, èmi á lo tìẹ. Ká wá wò ó bóyá èmi ló ń gba ipò kìíní, àbí ààrò. Trish, kọ àga onígi kejì mọ́ ọn."

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?" olóyè béèrè.

Glenys na ìka sí i.

Noreen wo ọkọ rẹ̀, tó ti wó mọ́ra lórí ìjókòó. "Bí kéèkì bá ti jáde nínú ààrò, kó gbé tọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ. Èmi náà fẹ́ kẹ́ ẹ na Nullan."

Bí a ṣe ń tú ká, ó mú páálí ìṣáná lórí tábìlì, ó tì í bọ àpò.

Láàárọ̀ yìí, aago mẹ́jọ lù, Des àti olóyè ti wà lórí àga nínú ilé ìdáná Glenys, ọwọ́ lórí orúnkún. Noreen po ìyẹ̀fun, ó da èso sí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá yọ páálí ìṣáná, ó mú èso àjàrà inú ihò kẹta jáde, ó jù ú sínú àdàlú, ó sì rò ó wọlé dáadáa.

Des yanu láti sọ̀rọ̀. Olóyè fi ìgúnpá gún un. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ jẹ mọ́ mọ́tò.